Kóòdù Tí Báńkì Fi Ránṣẹ́: Ẹ Kà Á Kí Ẹ Tó Tẹ̀ Ẹ́

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin onílé tó ń fi káàdì ra irúgbìn, ajílẹ̀ tàbí ohun èlò ilé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ mọ àtẹ̀jíṣẹ́ tí à ń wí. Ẹ ti kọ nọ́ńbà ara káàdì, ẹ ti kọ nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn rẹ̀, síbẹ̀ báńkì á tún fi kóòdù ránṣẹ́ sórí fóònù. Òǹkà mẹ́fà ló sábà máa ń jẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wúlò, kì í sì í pẹ́ kú. OTP ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é. Ìbuwọ́lùwé yín ni. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ti sọ fún báńkì pé, "Èmi ni mo ni káàdì yìí, ẹ san owó náà." Ìdí nìyí tó fi máa ń ṣòro láti gba owó náà padà tó bá ti lọ.

Ẹ ka gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀

Ọ̀pọ̀ wa kì í ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Nọ́ńbà nìkan lojú ń wá. Bí a bá ti rí i, ó di títẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni olè ń gbà wọlé. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó dáa máa ń sọ iye owó àti orúkọ ẹni tí owó ń lọ bá. Ní Yúróòpù, òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019 sọ ọ́ di dandan pé kí kóòdù so mọ́ iye owó àti ẹni tó máa gbà á. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá yí padà, kóòdù yẹn ò ṣiṣẹ́ mọ́. Báńkì yín lè má ṣe tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun yòówù kó kọ, ẹ kà á. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá dárúkọ ibi tí ẹ kò mọ̀, tàbí iye owó tó ju èyí tí ẹ fẹ́ san, ẹ má tẹ̀ ẹ́.

Èyí tó burú jù ni èyí tó sọ pé kóòdù náà wà fún fífi káàdì yín sórí fóònù kan. Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin lẹ fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn ló fẹ́ gbé káàdì yín sórí fóònù tirẹ̀. Kóòdù kan péré yẹn lè jẹ́ kó máa fi rajà lemọ́lemọ́ láìtún béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ yín.

Ẹni tó bá pè yín

Ó lè mọ orúkọ yín, ó lè mọ nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lára káàdì. Ìyẹn ò sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ báńkì. Ó ti rí gbogbo ìyẹn jí tẹ́lẹ̀. OTP nìkan ló kù ú kù. Á ní olè fẹ́ wọ àkáǹtì yín, òun fẹ́ dí i lọ́nà, kí ẹ yára ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé fún òun. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ẹ gé ìpè náà, kí ẹ fúnra yín pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì.

Ẹ̀yin tó ń ta irè oko, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Oníbàárà kan lè ní òun ti sanwó, àmọ́ kí owó tó lè wọlé, àfi kí ẹ fi kóòdù tí ẹ rí ránṣẹ́ sí òun. Irọ́ ni. Owó tó ń bọ̀ wá bá yín kò nílò OTP yín.

Bí kóòdù bá sì wọlé nígbà tí ẹ ò ra nǹkan kan, ẹ má kàn pa á rẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti ní nọ́ńbà káàdì yín lọ́wọ́. Ẹ pe báńkì lójú ẹsẹ̀.

Síìmù yín

Olè lè lọ bá iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì, kó pe ara rẹ̀ ní ẹ̀yin, kó ní síìmù òun sọnù. Bí wọ́n bá fún un ní tuntun, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kóòdù yín á máa lọ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, wọ́n gba nọ́ńbà fóònù mọ́ Jack Dorsey lọ́wọ́, ọ̀gá àgbà Twitter nígbà náà, wọ́n sì ń kọ ìkọkúkọ lórúkọ rẹ̀. Àmì tó yẹ kí ẹ máa ṣọ́ ni pé nẹ́tíwọ̀kì á dédé lọ lórí fóònù yín, nígbà tó wà lórí ti aládùúgbò tó ń lo iléeṣẹ́ kan náà. Ẹ má dúró kí ilẹ̀ ṣú. Ẹ yá fóònù, ẹ pe báńkì, ẹ pe iléeṣẹ́ náà.

Ẹ fi píìnì sí síìmù. Ẹ má jẹ́ kí àtẹ̀jíṣẹ́ máa hàn lójú fóònù tó wà ní títì. Bí ẹ bá fẹ́ pa nọ́ńbà kan tì, ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò ní báńkì, torí iléeṣẹ́ lè tún un tà fún ẹlòmíràn.

Ṣé àtẹ̀jíṣẹ́ tó?

Ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1992 ni wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ ránṣẹ́, wọn ò sì ṣe é nítorí àṣírí owó. Ní Jámánì lọ́dún 2017, àwọn olè tó ti jí páswọ́ọ̀dù báńkì àwọn èèyàn gba ojú ọ̀nà tí àwọn iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì darí kóòdù sọ́dọ̀ ara wọn. Oníbàárà ò lè dá ìyẹn dúró. Nítorí náà, bí báńkì yín bá ní áàpù tí ẹ fi lè fọwọ́ sí ìsanwó, ẹ gba ìyẹn. Fún ẹni tí fóònù kékeré ló ní, kóòdù àtẹ̀jíṣẹ́ ṣì sàn fíìfíì ju kó má sí nǹkan kan lọ.

Bí bàbá tàbí ìyá tí kò lè kàwé bá wà nílé, ẹ yan ẹnì kan pàtó nínú ẹbí tí á máa bá wọn ka àtẹ̀jíṣẹ́, kì í ṣe ẹni tó bá ṣáà wà nítòsí. Ẹ kọ nọ́ńbà báńkì sórí ìwé, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, torí ọjọ́ tí ẹ máa nílò rẹ̀ lè jẹ́ ọjọ́ tí fóònù yín ò ní lè pe ẹnikẹ́ni.