Kí ẹ tó yan lẹ́ńsì tí wọ́n máa fi sí yín lójú, ẹ wá téèpù

Aránṣọ ni mí ní Abẹ́òkúta, ọdún méjìlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti wà nídìí máṣíìnì. Nígbà tí kàtáráàtì, ìyẹn kí lẹ́ńsì inú ojú ṣú, bo ojú òsì mi, tí iná ọ̀kadà ń fọ́n ká lójú mi lálẹ́, mo lọ ṣiṣẹ́ abẹ kí wọ́n lè yọ ọ́, kí wọ́n sì fi lẹ́ńsì àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n bi mí nípa ìtọ̀ ṣúgà. Kò sẹ́ni tó bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo ń ṣe. Nígbà tí wọ́n ṣí báńdéèjì, mo ka ohun tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ lódìkejì títì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mi ò rí ihò abẹ́rẹ́. Mo fi itọ́ ṣe ẹnu òwú ṣóńṣó, mo nà án, ó gba ẹ̀gbẹ́ abẹ́rẹ́ kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Lẹ́ńsì yẹn dára o. Ọ̀ọ́kán ni wọ́n ṣe é fún.

Ohun tí mi ò mọ̀ nìyẹn. Lẹ́ńsì tí Ọlọ́run dá mọ́ wa máa ń yí ara rẹ̀ padà nígbà tá a ṣì wà lọ́mọdé, ká lè wo ọ̀ọ́kán, ká sì tún wo ìtòsí. Èyí tí wọ́n ń fi rọ́pò rẹ̀, tó wọ́pọ̀ jù, tí wọ́n ń pè ní monofocal, ibì kan ṣoṣo ló ń là yékéyéké. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ibi tẹ́ ẹ fẹ́. Gíláàsì lẹ máa fi wo ìyókù.

Nítorí náà, ẹ jókòó bẹ́ ẹ ṣe máa ń jókòó ṣiṣẹ́, kẹ́nì kan fi téèpù wọ̀n ọ́n láti ojú yín dé ibi tí ọwọ́ yín wà. Tèmi jẹ́ 20 ínṣì nídìí máṣíìnì, 16 tí mo bá ń fọwọ́ ránṣọ. Mo kọ ọ́ sínú ìwé lọ bá dókítà kejì nígbà tó kan ojú ọ̀tún. Ó ní 20 ínṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì mítà, pé òun máa ṣírò lẹ́ńsì tó máa fi ojú náà sí nọ́ńbà −2, ìyẹn ojú tó ń rí ìtòsí kedere láìlo gíláàsì. Ká ní 16 ni mo yàn, ì bá jẹ́ −2.50. Ó kọ́kọ́ ní kí n lo lẹ́ńsì àfiyọ, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú, tó sì ṣeé yọ, fún ọjọ́ mélòó kan, kó lè mọ̀ bóyá orí mi máa gba kí ojú kan wo ọ̀ọ́kán, kí èkejì wo ìtòsí. Orí ẹlòmíì kì í gbà á, òòyì á máa kọ́ ọ.

Wọ́n á tún fi multifocal lọ̀ yín, tó ń wo ọ̀ọ́kán àti ìtòsí pa pọ̀. Owó rẹ̀ ga. Ó ń pín ìmọ́lẹ̀ ni, torí náà òbìrìkìtì lè máa yí iná ká lálẹ́, àwọ̀ tó jọra á sì ṣòro díẹ̀ láti yà sọ́tọ̀. Èmi tí mo ń fi òwú dúdú rán aṣọ dúdú, mi ò fẹ́ ẹ. Bẹ́ ẹ bá ní glókómà, àrùn tó ń ba iṣan ojú jẹ́, tàbí tí ìtọ̀ ṣúgà ti ba ẹ̀yìn ojú yín jẹ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi í sí yín lójú. Lẹ́ńsì tí wọ́n ń pè ní toric wà fún ẹni tí iwájú ẹyinjú rẹ̀ kò rí róbótó déédéé.

Ẹ má bẹ̀rù lẹ́ńsì líle, èyí tí kò ṣeé ká. Irú rẹ̀ ni Harold Ridley, dókítà ojú ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́kọ́ fi sójú èèyàn ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1949. Ihò tí wọ́n máa gé ló máa fẹ̀ díẹ̀. Èyí tó ṣeé ká ń gba ihò tí kò tó 3 mílímítà wọlé.

Ìwọ̀n ojú ni kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí. Bí ẹni tó ń wọn gígùn ẹyinjú yín bá fi mílímítà kan péré ṣìnà, nọ́ńbà lẹ́ńsì lè yẹ̀ ju 2 lọ. Aránṣọ tó bá ṣi ìbàdí wọ̀n lè tú aṣọ. Títú ojú kò rọrùn. Ẹ ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n sì wọn ojú méjèèjì, kódà bó ṣe ọ̀kan ni wọ́n fẹ́ ṣe.

Bí ojú bá tún ṣú lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún, awọ tó wà lẹ́yìn lẹ́ńsì ló sábà máa ń fà á. Iná léésà ni wọ́n fi ń ṣí i, wọn kì í yọ lẹ́ńsì.

Kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ gba káàdì tí nọ́ńbà lẹ́ńsì yín wà lára rẹ̀. Tèmi wà nínú ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí, lójú ewé àkọ́kọ́.