Bí A Ṣe Lè Yan Ìwé Tó Dára Lórí Àwọn Ojú Ogun Abẹ́lé Nàìjíríà

Ẹni tó bá fẹ́ ra ìwé lórí ogun abẹ́lé Nàìjíríà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1967 tó sì parí ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1970, kò ní í wá ìwé tì. Yíyàn ni iṣẹ́ wà. Àwọn ọ̀gágun ìhà méjèèjì ti kọ tiwọn, àwọn akọ̀ròyìn òkèèrè ti kọ tiwọn, àwọn onímọ̀ ìtàn sì ń kọ ọ́ títí di òní. Fún àwa tí a wà ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ọ̀nà kan wà tí mo máa ń gba àwọn ènìyàn níyànjú láti tọ̀, nítorí pé ó rọrùn, ó sì máa ń fi ìwé hàn kíákíá: kí ẹ tó ka ohunkóhun mìíràn nínú ìwé náà, ẹ kọ́kọ́ ṣí ibi tó ti sọ̀rọ̀ ogun Òrè.

Òrè ni ojú ogun tó súnmọ́ wa jù lọ. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Bìáfírà, ìhà ìlà-oòrùn tó yapa kúrò lára Nàìjíríà, gba orí afárá odò Ọya láti Onitsha kọjá sí Ásábà, wọ́n sì wọ Bìní lọ́jọ́ náà gan-an, lábẹ́ àṣẹ Victor Banjo, ọmọ Yorùbá tó ti di ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun Nàìjíríà kí ogun tó dé. Láti Bìní, wọ́n kọrí sí ìwọ̀-oòrùn títí wọ́n fi dé Òrè. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ ohun tó wà níwájú wọn: Ìjẹ̀bú-Òde, lẹ́yìn náà Ṣágámù, lẹ́yìn náà Èkó. Òrè ni àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti dá wọn dúró, tí wọ́n sì tì wọ́n padà. Bìní padà sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án, kò sì pẹ́ tí àwọn Bìáfírà fúnra wọn fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan Banjo ní Ènúgù, tí wọ́n yìnbọn pa á. Ogun yìí wọ ọ̀rọ̀ ẹnu wa débi pé àwọn àgbà ṣì máa ń wí pé “ó le kú, ìjà Òrè.” Ìdí nìyẹn tí òǹkọ̀wé tí kò bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kò fi lè tàn wá jẹ fún ìgbà pípẹ́.

Bí ẹ bá ti rí ibẹ̀, ohun tí ẹ ó wá ni bí òǹkọ̀wé ṣe dáhùn ìbéèrè pé kí ló dá àwọn ọmọ ogun Bìáfírà dúró ní Òrè, nígbà tí ọ̀nà Èkó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo níwájú wọn ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Àríyànjiyàn ńlá ni. Àwọn kan gbà pé Banjo ní ètò tirẹ̀ tí kì í ṣe ti Ojukwu, olórí Bìáfírà, àwọn kan di ẹ̀bi ru ìjà àṣẹ tó wà láàárín àwọn méjèèjì, àwọn mìíràn sì tẹnu mọ́ bí ìjọba àpapọ̀ ṣe yára kó ọmọ ogun jọ, èyí tó di Dífísọ̀n Kejì lábẹ́ Murtala Mohammed. Ìwé tó dára yóò jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé àwọn èrò wọ̀nyí wà, yóò yan èyí tó gbà, yóò sì sọ ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ tàbí ìwé àṣẹ tó ti rí i. Èyí tó bá kàn yin ìgboyà ọmọ ogun kan, tó sì fò lọ sí orí tó kàn, ẹ dá a padà sórí àtẹ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wádìí ibi tí òǹkọ̀wé wà nígbà tí ìbọn ń dún. Mo rò pé ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé kì í fara balẹ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ó ṣe pàtàkì ju orúkọ ńlá tó wà lẹ́yìn ìwé lọ. Alexander Madiebo, tó di olórí àwọn ọmọ ogun Bìáfírà, wà ní ojú ogun Nsukka ní ìbẹ̀rẹ̀ ogun. Nítorí náà, ohun tó kọ nípa Nsukka nínú The Nigerian Revolution and the Biafran War, tó jáde ní ọdún 1980, wúwo ju ohun tó kọ nípa Òrè lọ, nítorí kò sí ní Òrè. Bákan náà ni Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tí My Command rẹ̀ jáde ní ọdún 1980 yẹn kan náà: oṣù Karùn-ún ọdún 1969 ló tó gba àṣẹ 3rd Marine Commando, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀, lọ́wọ́ Benjamin Adékúnlé, nígbà tí Calabar ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba láti oṣù Kẹwàá ọdún 1967, tí Port Harcourt sì ti bọ́ láti oṣù Karùn-ún ọdún 1968. Bí ẹ bá ń wá ohun tí ojú rí ní ìlú méjèèjì yẹn, lọ́dọ̀ àwọn tó bá Adékúnlé jà ni kí ẹ ti wá a.

Àwọn àgbà sọ pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà, méjì-méjì ni kí ẹ máa ra ìwé àwọn ọ̀gágun. Godwin Alabi-Isama, tó bá Adékúnlé ṣiṣẹ́ nínú 3rd Marine Commando, tẹ The Tragedy of Victory jáde ní ọdún 2013, ó sì ta ko My Command ní gbangba lórí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀. Ẹni tó ka ọ̀kan láìka ìkejì ti gbè sẹ́yìn ẹnìkan láìmọ̀. Àpẹẹrẹ mìíràn tó kan wa nílé ni ti ìgbà ogun Òrè gan-an, nígbà tí Ọbásanjọ́ jẹ́ ọ̀gá àwọn ọmọ ogun ní Ìbàdàn, tí Wọlé Ṣóyínká, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìsarà Rẹ́mọ, jẹ́ iṣẹ́ Banjo fún un. Àwọn méjèèjì ló ti kọ ìtàn ìpàdé náà sínú ìwé, ẹnu wọn kò sì kò. Ẹ gbé ìwé méjèèjì sórí tábìlì kan, kí ẹ kà wọ́n lójú ara wọn.

Ìwé ogun tí kò ní máàpù kò ṣeé fọkàn tán fún ohun tí a ń wá. Máàpù tó dára yóò fi ọ̀nà, odò àti afárá hàn, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan dé ibi kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀dà tí wọ́n jí tẹ̀, nítorí pé máàpù ni wọ́n máa ń bà jẹ́ jù nínú rẹ̀: inkì á dàpọ̀, orúkọ ìlú kò ní ṣeé kà, nígbà mìíràn ojú ìwé náà kò tilẹ̀ ní í sí. Ó sàn kí a ra ojúlówó àlòkù ju kí a ra irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ lọ, bí ó tilẹ̀ dán.

Ẹ tún wo bóyá òǹkọ̀wé lè sọ ìjákulẹ̀ àti ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀wé ní ìhà ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ sọ bí Dífísọ̀n Kejì ṣe gbìyànjú láti la odò Ọya kọjá sí Onitsha tí ọ̀pọ̀ ọmọ ogun ṣòfò, bí àwọn ọmọ ogun Bìáfírà ṣe lúgọ dè wọ́n ní Abagana ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 1968, àti bí Owerri ṣe padà bọ́ sọ́wọ́ Bìáfírà ní oṣù Kẹrin ọdún 1969. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó gbọ́dọ̀ sọ ti Ásábà, níbi tí àwọn ọmọ ogun ìjọba ti pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkùnrin àti ọmọkùnrin tí kò mú ohun ìjà dání ní oṣù Kẹwàá ọdún 1967. Mi ò lè dá ìwé tó pa èyí mọ́ láre. Ẹni tó bá kọ̀wé ní ìhà Bìáfírà náà gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ bí Ènúgù ṣe bọ́ ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 1967, àti bí gbígba Bìní ṣe sọ ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ àti Yorùbá di ọ̀tá wọn.

Ní ti iye àwọn tó kú, àwọn onímọ̀ kò fohùn ṣọ̀kan. Wọ́n ń sọ láti ìdajì mílíọ̀nù títí dé mílíọ̀nù mẹ́ta, ebi ló sì pa èyí tó pọ̀ jù. Ìwé tó dárúkọ iye kan ṣoṣo láìsọ bó ṣe rí i kò ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí kò mẹ́nu ba owó àti oúnjẹ: ìgbà tí Port Harcourt bọ́ ni ọ̀nà òkun pa dé mọ́ Bìáfírà, tó fi kù wọ́n ku pápákọ̀ òfuurufú bíi Uli, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti Ìkẹ́nnẹ́ ló sì wà nídìí owó ìjọba àpapọ̀, ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó ní oṣù Kìíní ọdún 1968.

Bí owó yín bá mọ ní ìwọ̀n, ẹ kọ́kọ́ ka ìwé ẹni tí kò jà ní ìhà kankan, bíi ti akọ̀ròyìn John de St. Jorre, tí ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1972, kí ìtàn náà lè tò lọ́kàn yín. Èyí àti àkójọ ìwé àṣẹ àti ọ̀rọ̀ àwọn olórí tí A. H. M. Kirk-Greene kó jọ ní ọdún 1971, ẹ wá wọn ní ilé ìkàwé yunifásítì, irú èyí tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè, nítorí wọ́n wọ́n lórí àtẹ. Owó tí ẹ ní ni kí ẹ wá fi ra ìwé ọ̀gágun méjì tí wọ́n ta ko ara wọn lórí ojú ogun kan náà.