Bí Ọmọ Ṣe Lè Gba Ìtàn Sílẹ̀ Lẹ́nu Ìyá Àgbà àti Bàbá Àgbà

Fọ́tò ìyá àgbà pọ̀ nílé ọ̀pọ̀ nínú wa, ṣùgbọ́n ohùn wọn ò sí níbì kankan. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lè fi fóònù lásán gba ohùn náà sílẹ̀. Lójú tèmi, ọmọ gan-an ló yẹ kó béèrè ọ̀rọ̀. Ohun tí àwa òbí rò pé a ti mọ̀, a kì í béèrè rẹ̀. Ọmọ á béèrè. Àgbà náà á sì fara balẹ̀ ṣàlàyé fún ọmọ-ọmọ ohun tí wọn ò ráyè sọ fún ọmọ tí wọ́n bí.

Ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè. Kí ọmọ fúnra rẹ̀ kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, kó ní: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ sọ ìtàn ìgbà èwe yín fún mi, kí n gbà á sínú fóònù.” Ẹ má fi ọgbọ́n gbà á láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Bí wọ́n bá ní apá kan ò ṣeé gbé síta, ẹ dá fóònù dúró títí wọ́n á fi sọ ọ́ tán. Ọ̀rọ̀ ogún, ọ̀rọ̀ orogún àti ìjà ilẹ̀ kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń tú wò, àfi tí àgbà bá fẹnu ara wọn dá a sílẹ̀.

Òwúrọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ló dára jù. Ẹ lo yàrá tó ní bẹ́ẹ̀dì àti kọ́tìnì, torí ohùn máa ń dún padà nínú pálọ̀ tó ní táìsì. Ẹ pa fáànù àti tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ má sì tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ tẹ àmì ọkọ̀ òfurufú lórí fóònù kí ìpè má baà wọlé. Ẹ ká aṣọ sórí àpótí, kí ẹ gbé fóònù lé e, kó má ju ìgbọ̀nwọ́ kan sí ẹnu wọn. Kí ọmọ béèrè ohun tí wọ́n jẹ láàárọ̀, kó gbà á fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ gbọ́ ọ wò. Ohùn nìkan ni mo fara mọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí kámẹ́rà bá ti wà níwájú wọn, ọ̀pọ̀ àgbà kì í sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Ẹ má fi “Ọdún wo ni wọ́n bí yín?” bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ò ní ìwé ọjọ́ ìbí, ìbéèrè náà á sì dà bí ìdánwò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kí ọmọ béèrè, ọdún á tẹ̀lé e. Ní 1955, nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, ọwọ́ àti etí ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó tó iléèwé lọ. Kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí, kó fi kan etí òsì, kó wá béèrè pé, “Ẹ sọ fún mi bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí ẹ fi ọwọ́ kan etí.” Ẹ ó rí i bí ojú wọn á ṣe tàn. Kí ó béèrè ohun tí tọ́rọ́ tàbí sísì ń rà kí náírà tó dé ní January 1973. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà, ìdílé tó ti gbé ní Gáńà pọ̀. Níbẹ̀, ẹ béèrè ẹrù tí wọ́n rí kó nígbà tí ìjọba Gáńà ní kí àlejò máa lọ ní 1969.

“Ẹ sọ fún mi bí…” sàn ju “Ṣé…” lọ, torí “bẹ́ẹ̀ ni” lásán ni “Ṣé” sábà máa ń mú wá. Ohun kékeré ni kí wọ́n máa béèrè: ta ló ń pín ẹran? Báwo ni ilé ṣe ń rùn nígbà tí ẹ bá sá kòkó? Bí àgbà bá dákẹ́, kí ọmọ náà dákẹ́. Ìrántí ń bọ̀ ni.

Bí ara wọn bá ti yá, ẹ tọrọ oríkì: ti ọmọ náà, Àjọkẹ́ tàbí Àkànní, àti ti orílẹ̀, ìbáà jẹ́ Oníkòyí tàbí Ọ̀pọ́múléró. Ẹ má já lù wọ́n láti béèrè ìtumọ̀. Wọ́n á pàdánù ibi tí wọ́n dé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán, kí ẹ wá padà sórí ọ̀rọ̀ tó ta kókó lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá sì jẹ́ Ìjẹ̀ṣà, Ẹ̀gbá tàbí Ìkálẹ̀ ni wọ́n ń sọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n yí i sí Yorùbá inú ìwé nítorí ọmọ. Òbí lè túmọ̀ lẹ́yìn náà.

Ìdílé tó wà ní London tàbí Houston kò gbọdọ̀ gbára lé ohùn tó ń bá WhatsApp wọlé, torí ó máa ń já. Kí ọmọ pè, kí ẹnì kan nílé fi fóònù kejì gba ohùn náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá.

Bó bá ti tó ogójì ìṣẹ́jú, ẹ dúró. Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ fi orúkọ, ìlú àti déètì sọ fáìlì náà lórúkọ, kí ẹ dà á sí kọ̀ǹpútà, sí flash àti sí Google Drive, nítorí olè ń jí fóònù. Kí ọmọ kọ orúkọ gbogbo ẹni àti ìlú tí wọ́n dá sílẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ gbé e padà fún Màmá gbọ́. Wọ́n á ní, “Rárá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, kì í ṣe òun,” wọ́n á sì fi òmíràn kún un. Kí fóònù kejì ti máa gbà á kí wọ́n tó ya ẹnu.