Bí mo ṣe bá bàbá aránṣọ ja ìjà ẹ̀fẹ̀ níwájú kámẹ́rà

Iṣẹ́ alága ìjókòó ni mò ń ṣe ní Ìbàdàn, nítorí náà, kí n máa bá ẹni tí n kò bínú sí jà ní gbangba kì í ṣe nǹkan tuntun sí mi. Ẹni tí ó bá ti dé ibi ìdáná rí mọ bí a ṣe ń ṣe é: alága ìdúró yóò kó ẹbí ọkọ dé tìlù-tìlù, alága ìjókòó yóò dínà mọ́ wọn pé òun kò mọ̀ wọ́n rí, yóò gba owó ìwọlé, yóò bu owó ìtanràn lé wọn nítorí pé wọ́n pẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ yóò dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, yóò sì ní ìdọ̀bálẹ̀ náà kò gún, kí wọ́n dìde kí wọ́n tún un ṣe. Gbogbo ilé a máa rẹ́rìn-ín, nítorí pé kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ìyàwó ti di tiwọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ gbé irú ìjà bẹ́ẹ̀ lọ sí orí ètò ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí mò ń ṣe lórí YouTube, mo rí i pé ọ̀tọ̀ ni ti ibẹ̀. Níbi ìdáná, ayẹyẹ fúnra rẹ̀ ti kéde fún gbogbo èèyàn pé eré ni. Ẹni tí ó jókòó sí yàrá rẹ̀ ní Òṣogbo tàbí ní Peckham ní ìlú London, tí ó ń wo obìnrin kan tí ó ń gbó àgbàlagbà lẹ́nu lórí fóònù, kò ní ohun kan tí yóò sọ fún un pé kí ó má bínú.

Kí n tó kọ ìbéèrè kankan sílẹ̀, mo jókòó ti àwọn ará Amẹ́ríkà, nítorí pé ó pẹ́ tí àwọn atọ́kùn ètò wọn ti ń fi èébú dá àwọn òǹwòran lára yá. Láti ayé rédíò ni. Ní ìparí ọdún 1936, Fred Allen, aláwàdà orí rédíò, gbé ọmọdékùnrin kan tí ó mọ fayolíìnì ta wá sórí ètò rẹ̀, ó sì fi ọmọ náà ṣe Jack Benny ní yẹ̀yẹ́, aláwàdà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó máa ń ṣe bí ẹni tí kò mọ fayolíìnì ta. Benny dá a lóhùn lórí ètò tirẹ̀, ìjà náà sì lé ní ọdún mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ ọ̀rẹ́ ni wọ́n.

Èyí tí mo wò jù ni ti Jimmy Kimmel, atọ́kùn ètò tẹlifíṣàn, àti Matt Damon, òṣèré fíìmù. Ní nǹkan bí ọdún 2005, àwọn àlejò tí ó wá sórí ètò alaalẹ́ Kimmel lọ́jọ́ kan kò dá a lára yá rárá. Bí ó ṣe ń kádìí ètò náà, ó ní kí Matt Damon má bínú, àkókò ti tán. Damon kò sí nítòsí, ẹnikẹ́ni kò sì pè é. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣètò eré, tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ni Kimmel fẹ́ pa lẹ́rìn-ín; onítọ̀hún rẹ́rìn-ín lóòótọ́, ni Kimmel bá sọ ọ́ di àṣà. Ní ọdún 2006, wọ́n wá pe Damon. Kimmel ki àlejò rẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ó jẹ́ kí ó jókòó tán, ó sì ní àkókò ti tán. Damon bú u ní irú èébú tí tẹlifíṣàn kò lè gbé jáde. Ní oṣù Kìíní ọdún 2013, Damon gbẹ̀san: ó so Kimmel mọ́ àga, ó dí i lẹ́nu, ó sì tọ́kùn ètò onílé fúnra rẹ̀. Nígbà tí Kimmel darí ayẹyẹ Oscar ní ọdún 2017, tí Damon àti Ben Affleck, òṣèré ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, jọ jáde sórí ìtàgé, orúkọ Affleck nìkan ni wọ́n pè. Damon di “àlejò rẹ̀”. Ohun tí mo rí dì mú nínú gbogbo eléyìí ni pé gbèsè ni atọ́kùn ń jẹ: ìwọ̀sí yòówù tí ó bá fi lọ àlejò, àlejò gbọ́dọ̀ rí i gbà padà lójú gbogbo èèyàn, kí èlé sì gorí rẹ̀.

Ti Johnny Carson, atọ́kùn ètò alaalẹ́ ayé ìgbà kan, àti Don Rickles, aláwàdà, kọ́ mi ní nǹkan mìíràn. Ní ọdún 1976, Rickles wá sórí ètò Carson nígbà tí Carson kò sí níbẹ̀, ó sì fọ́ àpótí sìgá onígi tí ó máa ń wà lórí tábìlì onítọ̀hún. Nígbà tí Carson padà dé tí ó rí i, ó dìde, ó ní kí kámẹ́rà tẹ̀ lé òun, ó sì já wọ ibi tí Rickles ti ń ya eré tirẹ̀ lọ́wọ́, ó ń jágbe mọ́ ọn. Nítorí àpótí sìgá! Bí ìjà ẹ̀fẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ rí nìyẹn, kí ó dá lórí ohun kékeré tí a lè fọwọ́ kàn. Bí ó bá kan ogún tàbí ìwà ọmọlúàbí ẹni, ó ti kúrò ní ẹ̀fẹ̀.

Mo wo Zach Galifianakis náà, aláwàdà tí ó bẹ̀rẹ̀ ètò ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ẹ̀fẹ̀ Between Two Ferns lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 2008: àga méjì, aṣọ dúdú lẹ́yìn, ewéko méjì nínú ìkòkò. Ó máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣi orúkọ àlejò kọ, ojú rẹ̀ kì í sì í tújú ká. Ní oṣù Kẹta ọdún 2014, ó bi Ààrẹ Barack Obama léèrè bí ó ti rí láti jẹ́ ààrẹ aláwọ̀ dúdú tí yóò gbẹ̀yìn. Obama bi òun náà bí ó ti rí pé ìgbà ìkẹyìn rèé tí yóò bá ààrẹ kankan sọ̀rọ̀. Ìpolówó HealthCare.gov, níbi tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń forúkọ sílẹ̀ fún adójútòfò ìlera, ni Obama bá wá, atọ́kùn sì jẹ́ kí ó polówó rẹ̀ tán, bí ó tilẹ̀ ń ṣe bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà sú.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí ni mo ti kọ́kọ́ yà kúrò lọ́nà tiwọn. Bí mo bá ṣi orúkọ Yorùbá kọ sójú fídíò, àwọn òǹwòran yóò kàn rò pé kọ̀ǹpútà mi ni kò gbé àmì ohùn. Ohun tí ó ń dun àgbà ilẹ̀ wa ni kí a yọ oyè rẹ̀ sílẹ̀.

Àlejò tí mo mú ni bàbá aránṣọ kan ní àdúgbò wa. Olóyè ni wọ́n, ẹgbẹ́ àwọn télọ̀ sì fi wọ́n ṣe bàbá ìsàlẹ̀. Ta ni kò mọ ẹjọ́ télọ̀? “Ẹ padà wá lọ́la”, “ọrùn rẹ̀ nìkan ló kù”, “iná ni wọn ò mú wá”, “ọmọ iṣẹ́ tó ń ti bọ́tìnnì ló lọ sílé”. Bàbá ti rán léèsì aláwọ̀ ọsàn kan fún mi rí. Ó pẹ́ kí ó tó jáde, ṣùgbọ́n nígbà tí ó jáde, ó gún régé, mo sì ti wọ̀ ọ́ lọ sí òde. Irú ìjà tí ó ti parí bẹ́ẹ̀ ni mo ń wá, nítorí pé èyí tí ó ṣì ń dun èèyàn kò ṣeé fi ṣeré.

Mo lọ bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pa mọ́. Àwọn kan fẹ́ràn kí wọ́n ká àlejò mọ́ lójijì. N kò fara mọ́ irú rẹ̀. Mo ní n ó pè wọ́n ní ọ̀lẹ, n ó pè wọ́n ní onírọ́, n kò ní rẹ́rìn-ín, àti pé bí wọ́n bá bú mi padà, inú mi yóò dùn. Bàbá yọ tépù kúrò lọ́rùn, wọ́n ń ká a mọ́ ìka méjì, wọ́n ká a tán kí wọ́n tó dáhùn. Wọ́n ní ohun méjì ni àwọn kò fẹ́. Kí n má mẹ́nu kan àwọn ọmọ àwọn, kí n má sì pe àwọn ní olè. “Ọ̀lẹ, mo gbà. Irọ́ ńkọ́? Télọ̀ wo ni kì í pa á? Ṣùgbọ́n olè ò sí nínú eré.” Ọ̀rọ̀ àjákù aṣọ ni wọ́n ń yí po láìdárúkọ rẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó gbé aṣọ fún télọ̀ rí tí kò ti bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí èyí tí ó ṣẹ́ kù ń gbà lọ. Mo pa á rẹ́ nínú ìwé mi lójú wọn.

N kò fi ìbéèrè hàn wọ́n. Wọ́n mọ ibi tí a ń lọ, wọn kò mọ ọ̀nà tí n ó gbà. Ṣùgbọ́n mo fún wọn ní ohun ìjà kan sọ́wọ́: n ó wọ léèsì náà gan-an lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ yà á, bí mo bá sì ti fẹjọ́ sùn dé ibi pé aṣọ mi kò tíì jáde di òní, kí wọ́n béèrè èwo ni mo wọ̀ sọ́rùn. Mo to ìwọ̀sí láti orí èyí tí ó tutù dé orí èyí tí ó gbóná, mo sì ki ojúlówó ìbéèrè bọ̀ ọ́ láàárín: bí wọ́n ṣe kọ́ṣẹ́, ìgbà tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wa máṣíìnì, bí a ṣe ń gé ọrùn agbádá kí ó má baà máa yọ̀ kúrò léjìká.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò pe Bàbá ní “ìwọ”. Kì í ṣe ìbẹ̀rù nìkan ni. “Ọ̀gbẹ́ni Télọ̀, irọ́ wo lẹ gbé wá fún wa lónìí?” ń pani lẹ́rìn-ín ju kí n sọ ọ́ ní kòbákùngbé lọ, nítorí pé ahọ́n ń bọ̀wọ̀ fún wọn bí ọ̀rọ̀ ṣe ń tàbùkù wọn.

Ní ọjọ́ náà, èmi jókòó lórí àga onítìmùtìmù, mo sì fún Bàbá ní àpótí tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń jókòó lé. Wọ́n ká apá agbádá sí èjìká, wọ́n sì jókòó lé e bí ẹni tí ó gun orí ìtẹ́.

“Ọ̀gbẹ́ni Télọ̀, ẹ dé ní aago tí mo dá fún yín gẹ́lẹ́. Ṣé ara yín yá?”

“Wọ́n ní oúnjẹ wà.”

“Kò sí oúnjẹ. Kí ló dé tí aṣọ mi fi pẹ́?”

Bàbá wò mí láti orí gèlè dé àtẹ́lẹsẹ̀. “Aṣọ ò pẹ́ o. Bí mo bá wọ̀n ọ́ tán, kí n tó mú àlùmọ́gàjí, o ti tún fẹ̀ sí i. Aṣọ dúró, ìwọ ni ò dúró.”

Ọmọkùnrin tí ó di kámẹ́rà mú fi apá dí ẹnu. Àwòrán mì díẹ̀ níbẹ̀, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo wá dé ibi pé aṣọ mi kò tíì jáde, Bàbá kò béèrè èyí tí mo wọ̀. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n nawọ́ gbé e sẹ́bàá apá bùbá mi, wọ́n sì yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún kí kámẹ́rà lè rí i. Léèsì aláwọ̀ ọsàn kan náà ni, òdòdó ara rẹ̀ bá ti apá mi mu wẹ́kú. “O ní aṣọ rẹ ò jáde. Èyí tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ gan-an ti jáde, orí mi ló wà.” Mo rẹ́rìn-ín títí máíkì fi já bọ́ láyà mi. Bí mo ṣe rí i so padà, mo pe oyè wọn ní kíkún fún ìgbà àkọ́kọ́, mo fi oríkì wọn tì í, a sì kádìí ètò.

Iṣẹ́ gígé àti títò fídíò ni ó le jù. Kámẹ́rà ti ń ká ohùn àti àwòrán sílẹ̀ nígbà tí Bàbá wọlé, ó sì gba ibi tí mo ti kúnlẹ̀ kí wọn, tí wọ́n fọwọ́ kàn mí léjìká pé kí n dìde. Ọmọ tí ó ń bá mi tò ó ní kí a yọ ọ́, pé Kimmel kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i pé eré ni, Galifianakis náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni ó sọ nípa tiwọn. Àwọn ará Amẹ́ríkà ti mọ̀ pé iṣẹ́ aláwàdà ni ẹni tí ó jókòó síbẹ̀ yẹn ń ṣe, wọ́n sì ti ń gbọ́ àforíjì èké sí Damon fún ọdún pípẹ́. Ta ni ó mọ̀ èmi àti Bàbá? Mo fi èyí tí kò ní ìkúnlẹ̀ han àwọn ìyá kan nínú ẹgbẹ́ àwọn alága, àwọn tí wọ́n ti bú ọkọ ìyàwó ju mi lọ, ọ̀kan nínú wọn sì béèrè ẹni tí ó tọ́ mi. Mo fi èyí tí ó ní ìkúnlẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ han àwọn mìíràn, ẹ̀rín sì ti ń bọ̀ láti orí ìbéèrè àkọ́kọ́. Ìkúnlẹ̀ wà níbẹ̀.

Mo tún fi ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn èébú kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ojú Bàbá nígbà tí wọ́n bá ń wá èsì dùn ún wò ju èsì mìíràn lọ. Ibi tí mo yọ pátápátá ni ọ̀rọ̀ fìlà. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n àdéhùn ni àdéhùn: àjákù aṣọ ni, a sì ti jọ sọ pé ọ̀rọ̀ olè kò ní sí níbẹ̀.

Mo fi fídíò náà ránṣẹ́ sí Bàbá kí n tó gbé e jáde, wọ́n sì pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n kò sọ̀rọ̀ lórí ọ̀lẹ, wọn kò sọ̀rọ̀ lórí irọ́, wọn kò tilẹ̀ ráhùn pé mo gbé wọn jókòó lórí àpótí. “Ibi fìlà dà?” Mo ṣàlàyé àdéhùn wa. Wọ́n ní, “Ìwọ ni mo sọ fún pé kó o má pè mí lólè, n kò sọ pé èmi ò lè pe ara mi.” “Àti pé,” ni Bàbá wí, “kí lo rò pé mo torí ẹ̀ rán fìlà?” Mo dá a padà sí ibi tí ó wà, pẹ̀lú ẹ̀rín mi àti máíkì tí ó já bọ́.