Kí Ẹ Tó Ti Géètì Ilé-Ìwé: Bí A Ṣe Ń Yàwòrán Ohun Tí Òfin Tuntun Lè Bí

Ká ní ìpàdé òbí àti olùkọ́ nílé-ìwé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti fẹnu kò: láti ọjọ́ Ajé, aago mẹ́jọ la ó máa ti géètì. Ọmọ tó bá pẹ́, kó padà sílé.

Ẹ mú káádíbọ́ọ̀dù àti pẹ́ńsù ná. Ọgbọ́n tí wọ́n ń pè ní “system dynamics”, ìyẹn wíwo bí nǹkan kan ṣe ń fa òmíràn títí tó fi yí padà wá bá ara rẹ̀, la fẹ́ lò. Jay Forrester, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, ló dá a sílẹ̀ láwọn ọdún 1950. Kò dandan kẹ́ ẹ ní kọ̀ǹpútà.

Ẹ kọ́kọ́ pe àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ nípàdé: ọlọ́dẹ ẹnu géètì, ìyá onírẹsì, ọmọ méjì tó máa ń pẹ́. Níbẹ̀, ẹ lè gbọ́ pé oko làwọn ọmọ tó ń pẹ́ ti ń bọ̀. Ẹ má fo ibí yìí o. Àwòrán tí ọ̀gá nìkan bá yà, ohun tí ọ̀gá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa wà níbẹ̀.

Ẹ wá kọ ohun tó lè pọ̀ tàbí kó dín: iye ọmọ tó ń pẹ́, bí òfin ṣe le tó, iye tí wọ́n dá padà, ẹ̀kọ́ tó fò wọ́n, ìtìjú. Ẹ fi ọfà so wọ́n. Bí èkíní bá pọ̀ tí èkejì náà pọ̀, ẹ kọ +. Bí èkejì bá dín, ẹ kọ −.

Ẹ fi ìka tọ ọfà. Òfin le, àwọn tó ń pẹ́ dín: ìyẹn ni ìpàdé rí. Àmọ́ ọ̀nà kejì wà: òfin le, wọ́n dá ọmọ púpọ̀ padà, ẹ̀kọ́ fò wọ́n, ojú ń tì wọ́n, wọ́n ń wọ́sẹ̀ láàárọ̀, àwọn tó ń pẹ́ tún pọ̀, òfin tún le. Ẹ ka iye − tó wà lójú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tó yí po. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan tàbí mẹ́ta, ọ̀rọ̀ náà á rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí kò bá sí rárá, tàbí tó jẹ́ méjì, á máa gbóná sí i ni.

Ẹ fa ìlà méjì sórí ọfà tó ń pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ló ti máa ń bu ọ̀pọ̀ ìjọba jẹ. Lọ́dún 1996, Kálífọ́níà ní Amẹ́ríkà dín iye ọmọ tó wà nínú kíláàsì kékeré kọ̀ọ̀kan kù sí bí 20. Kíláàsì pọ̀ lójijì, tíṣà ò sì pọ̀ lójijì (NCE tiwa níbí, ọdún mẹ́ta ni). Wọ́n gba àwọn tí kò tíì níwèé ẹ̀rí iṣẹ́ tíṣà, pàápàá nílé-ìwé àwọn tálákà.

Ẹ wá yí nǹkan kan padà. Ká ní ọmọ tó pẹ́ á wọlé, á wá gbálẹ̀ nígbà ìsinmi: ọfà ẹ̀kọ́ tó ń fò wọ́n ti já nìyẹn. Ṣùgbọ́n tíṣà wo ló máa dúró tì wọ́n? Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀, kẹ́ ẹ má fi báírò kọ ọ́.