Wíwọn ìmọ́lẹ̀ fún Bolex H16 RX-5

Mítà ìmọ́lẹ̀ kò mọ̀ pé prísìmù, gíláàsì tó ń pín ìmọ́lẹ̀, wà nínú kámẹ́rà fíìmù Bolex yìí. Ẹ̀yìn lẹ́ǹsì gan-an ni prísìmù náà wà, ó sì ń bu díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ fún ojú ẹni tó ń yàwòrán kí ìyókù tó dé orí fíìmù. Bí fíìmù bá ń sáré ní àwòrán 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣọ́tà rẹ̀ oní-dígírì 133, ìyẹn àwo tó ń yí láti ṣínà fún ìmọ́lẹ̀, ń ṣí fún 1/65 ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ má fi 1/65 wọn ìmọ́lẹ̀ o: 1/80 ni, torí prísìmù ti mú tirẹ̀. Àmì 24 tí wọ́n kọ sára ọ̀pọ̀ mítà fún sinimá kò bá a mu náà. Ṣọ́tà tó ń ṣí fún bí i 1/50 ni wọ́n fojú sùn. Ẹni tó bá tẹ̀ lé e, àwòrán rẹ̀ á ṣókùnkùn ní ìdá méjì nínú mẹ́ta sítọ́ọ̀pù (sítọ́ọ̀pù kan ni ìlọ́po méjì ìmọ́lẹ̀, tàbí ìdajì rẹ̀).

Ká ní mítà Sekonic L-398 ló wà lọ́wọ́ yín, èyí tí kì í lo bátìrì. Ẹ yí ISO rẹ̀, nọ́ńbà bí fíìmù ṣe yára gba ìmọ́lẹ̀ tó, sí 250 bó bá jẹ́ fíìmù Kodak 250D. Lójú oòrùn, ẹ ki irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ H sí bọ orí rẹ̀. Ibi tí ojú òṣèré wà ni kí ẹ gbé mítà sí, kí ìdajì bọ́ọ̀lù funfun rẹ̀ kọjú sí lẹ́ǹsì, kì í ṣe sí oòrùn. Ẹ tẹ bọ́tìnì àárín. Bí abẹ́rẹ́ bá dúró, ẹ tú u sílẹ̀, abẹ́rẹ́ á há síbẹ̀. Ẹ wá yí àwo róbótó náà kí àmì H bá nọ́ńbà abẹ́rẹ́ mu. Nọ́ńbà f tó bá dojú kọ 1/80, tó kọjá 1/60 díẹ̀, ni ti lẹ́ǹsì; bí nọ́ńbà f bá ṣe ga tó ni ojú lẹ́ǹsì ṣe kéré tó. Bí irin náà kò bá sí nínú mítà, àmì kejì lẹ máa lò. Ẹni tó bá ṣi àmì mú, gbogbo fíìmù ọjọ́ náà lọ nìyẹn.

Ní ọ̀sán gangan, 250D á ní kí ẹ pa lẹ́ǹsì kọjá f/22, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ lẹ́ǹsì ò ju f/22 lọ. Fílítà ND 0.6, èyí tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, ń gé sítọ́ọ̀pù méjì. Ẹ óò bọ́ sáàárín f/11 àti f/16. Bí ẹ bá sáré fíìmù dé 48, ẹ ṣí sítọ́ọ̀pù kan.

Mítà tó ń wo ìmọ́lẹ̀ tí ara nǹkan dá padà gbà pé gbogbo nǹkan ló ní àwọ̀ eérú. Tí ẹ bá dojú rẹ̀ kọ ojú adúmáadán, á ní kí ẹ ṣí lẹ́ǹsì jù, aṣọ funfun tó wà lọ́rùn rẹ̀ á sì funfun báláú, láìsí ìṣẹ́po kankan nínú rẹ̀. Ẹ pa lẹ́ǹsì ní sítọ́ọ̀pù kan sí kan àbọ̀. Fíìmù nẹ́gátíìfù ṣì lè gba àṣìṣe yìí mọ́ra, ṣùgbọ́n Tri-X reversal, fíìmù tí àwòrán rẹ̀ ń jáde tààrà láìsí nẹ́gátíìfù, kò gba gbẹ̀rẹ́.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ọwọ́ ṣọ́tà: bó bá wà ní ìdajì, sítọ́ọ̀pù kan ti lọ. Bí ẹ ò bá sì gbé ojú lé ihò ìwòran, ẹ tì í. Ìmọ́lẹ̀ ń gba ibẹ̀ wọlé, prísìmù yìí kan náà ni yóò sì darí rẹ̀ sórí fíìmù.