Bí mo ṣe túmọ̀ àwọn àwòrán tó wà láyà ère Augustus ti Prima Porta

Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 1863 ni wọ́n hú ère Augustus, olú ọba Róòmù àkọ́kọ́, jáde ní Prima Porta, níhà àríwá ìlú Róòmù, nínú ilé tí Livia ìyàwó rẹ̀ ní lẹ́yìn ìlú. Gbọ̀ngàn Braccio Nuovo nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Vatican ló wà báyìí. Ó ga ju mítà méjì lọ díẹ̀, òkúta mábù láti erékùṣù Paros ni wọ́n sì fi gbẹ́ ẹ. Ojú rẹ̀ àti apá ọ̀tún tó nà sókè ni àwọn èèyàn mọ̀ jù, àmọ́ àyà rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ìgbàyà ogun tó wọ̀ kún fún òrìṣà, èèyàn àti ẹranko, wọn ò sì kọ orúkọ sí abẹ́ ọ̀kankan nínú wọn. Iṣẹ́ tí mo ṣe ni pé mo ya ìgbàyà náà sórí bébà, mo fi nọ́ńbà sí gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀, mo sì kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rí tí mo fi mọ̀ ọ́n.

Ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀. Mo lo fọ́tò mẹ́rin: iwájú, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti ẹ̀yìn. Mo tẹ̀ wọ́n sórí bébà A3, mo wá bébà tẹ́ẹ́rẹ́ téèyàn lè rí nǹkan gba inú rẹ̀, àti pẹ́ńsùlù dúdú, pupa àti búlúù. Fọ́tò iwájú nìkan kò tó, torí pé ìgbàyà náà rọ̀ mọ́ ara, àwọn tó wà ní ìhà méjèèjì sì ti yí lọ sẹ́yìn. Béèyàn bá wo iwájú nìkan, ìdajì ohun tí wọ́n mú dání ni kò ní rí. Ẹ má lo fọ́tò tí iná kọjú sí ère tààrà. Iṣẹ́ ọnà náà kò yọ síta púpọ̀, irú iná bẹ́ẹ̀ á pa òjìji rẹ́, ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ á wá dà bí ohun kan náà. Fọ́tò tí iná ti ẹ̀gbẹ́ wá ló dára. Mo tún sọ fọ́tò di dúdú àti funfun kí n má baà fi àbàwọ́n òkúta pe ìlà tí agbẹ́rẹ fà.

Kí n tó fa ìlà kankan, mo kọ ọ́ sókè bébà pé òsì àti ọ̀tún tí mo ń sọ jẹ́ ti ẹni tó dúró síwájú ère tó ń wò ó, àfi bó bá jẹ́ ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀, ti ẹni tó ni ín ni mò ń lò. Ẹ má fojú kékeré wo èyí. Àwọn òǹkọ̀wé kan ń lo òsì òǹwòran, àwọn mìíràn ń lo òsì ère fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ á gbé òrìṣà Apollo síbi tí òrìṣà Diana wà, yóò sì gbé obìnrin tó dúró fún ilẹ̀ Gaul (ilẹ̀ Faransé òní) sọdá sí òdìkejì.

Lẹ́yìn náà ni mo fi pẹ́ńsùlù pupa kun gbogbo ohun tí kì í ṣe ti àtijọ́. Pietro Tenerani, gbajúmọ̀ agbẹ́rẹ ayé ìgbà náà, ló tún ère yìí ṣe lẹ́yìn tí wọ́n rí i. Ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ òsì àti púpọ̀ nínú àwọn ìka ọwọ́ ọ̀tún jẹ́ ara àtúnṣe yẹn. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ ọ́ pé Augustus mú ọ̀pá àṣẹ lọ́wọ́, iṣẹ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló ń túmọ̀. Àwọn onímọ̀ kan ní ọ̀kọ̀ ló wà lọ́wọ́ yẹn tẹ́lẹ̀, àwọn mìíràn ní ọ̀págun ni. Mo fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.

Mo wá la bébà mìíràn sí òpó márùn-ún: ohun tó mú dání, ohun tó wọ̀, ohun tó gùn tàbí tó jókòó lé, ibi tó kọjú sí, àti orúkọ. Òpó orúkọ ni mo kọ kẹ́yìn pátápátá. Bí àrokò ni àwòrán Róòmù ṣe ń sọ̀rọ̀: ẹyọ ohun kan kì í tú gbogbo ọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n so pọ̀ mọ́ ọn ló ń là á. Ẹ wo ògùṣọ̀. Òṣùpá ń gbé e, Diana náà ń gbé e. Ẹni tó bá ti sọ orúkọ kó tó wo apó ọfà àti àgbọ̀nrín ti ṣì í nìyẹn.

Òkè pátápátá ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan yọ láti àyà sókè, ó fi ọwọ́ méjèèjì na aṣọ tó tẹ̀ bìrìkìtì lórí rẹ̀. Caelus ni, òrìṣà ojú ọ̀run, aṣọ yẹn sì ni ìbòrí sánmà. Nísàlẹ̀ rẹ̀ lápá òsì, ẹnì kan wọ aṣọ gígùn àwọn awakọ̀ ẹṣin, ó ń da ẹṣin mẹ́rin síwájú: Sol, oòrùn. Lápá ọ̀tún, obìnrin abìyẹ́ kan mú ìṣà lọ́wọ́, ó gbé obìnrin mìíràn tó mú ògùṣọ̀. Ìṣà yẹn ni wọ́n fi ń da ìrì òwúrọ̀, nítorí náà Aurora ni abìyẹ́, Luna òṣùpá sì ni ẹni tó gbé. Oòrùn ń yọ bọ̀, òṣùpá ń lọ: ilẹ̀ ń mọ́ láyà Augustus.

Àárín ni mo pẹ́ sí jù. Ọkùnrin méjì dúró, wọ́n kọjú síra wọn. Èyí tó wà lọ́tùn-ún ní irùngbọ̀n, ó sì wọ ṣòkòtò àti ẹ̀wù. Nínú àwòrán Róòmù ìgbà yẹn, ẹni tó bá wọ ṣòkòtò, àjèjì láti ìlà-oòrùn tàbí àríwá ni. Ó gbé ọ̀pá gígùn kan sókè, idì sì wà lórí ọ̀pá náà. Èyí tó wà lósì wọ ìgbàyà àti àṣíborí, ó na ọwọ́ ọ̀tún láti gbà á, ẹranko kan sì wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀págun yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ rọ̀ mọ́. Ní ọdún 53 ṣáájú Kristi ni àwọn ará Pátíà, ìjọba ńlá kan ní ìlà-oòrùn Róòmù, ṣẹ́gun Crassus ọ̀gágun Róòmù ní ìlú Carrhae, tí wọ́n pa á, tí wọ́n sì kó àwọn ọ̀págun ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀ lọ. Ìtìjú gbáà ni fún Róòmù kí idì wọn wà lọ́wọ́ ọ̀tá. Ní ọdún 20 ṣáájú Kristi, Phraates kẹrin tó jẹ́ ọba Pátíà dá wọn padà. Àdéhùn ni wọ́n fi gbà á, ẹnikẹ́ni kò jagun. Síbẹ̀, nínú àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, Augustus sọ pé òun fi ipá mú àwọn ará Pátíà láti dá ìkógun àti ọ̀págun ẹgbẹ́ ogun Róòmù mẹ́ta padà, kí wọ́n sì wá bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀rẹ́ àwọn ará Róòmù.

Kí n lè dá èyí lójú, owó ẹyọ ni mo fi yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì gba ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí nímọ̀ràn pé kó máa ṣe bẹ́ẹ̀, torí pé owó ẹyọ ní lẹ́tà lára, ère kò ní. Owó fàdákà kan wà tí wọ́n rọ ní Róòmù ní nǹkan bí ọdún 19 ṣáájú Kristi, tó wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù mẹ́rin, tí fífẹ̀ rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi mìlímítà 20 lọ. Ará Pátíà kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń na ọ̀págun síwájú, wọ́n sì kọ SIGN RECE sí i, ìyẹn ni pé a ti gba àwọn ọ̀págun padà. Ṣòkòtò kan náà, ọ̀págun kan náà. Àmọ́ ẹ fara balẹ̀ wo orúnkún: lórí owó, ará Pátíà kúnlẹ̀, láyà ère, ó dúró ṣinṣin. Owó ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ láàárín ọjà, ó ní láti sọ ìṣẹ́gun ní ìṣẹ́jú kan. Ìgbàyà ère ní àyè láti fi ohun tó ṣẹlẹ̀ hàn bó ṣe rí gan-an, ẹnì kan ń dá nǹkan padà fún ẹnì kejì. Ojú ìyàtọ̀ yìí ni mo ti rí bí àwọn oníṣẹ́ ọnà Róòmù ṣe gbọ́n tó.

Ta wá ni ẹni tó ń gbà á? Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Suetonius, òǹkọ̀wé ìtàn Róòmù, kọ ọ́ pé Tiberius, ọmọ ìyàwó Augustus, ló gba àwọn ọ̀págun náà, nítorí náà àwọn kan ní Tiberius ni. Àwọn mìíràn ní Mars ni, òrìṣà ogun, torí pé inú tẹ́ńpìlì Mars Olùgbẹ̀san tí Augustus yà sí mímọ́ ní ọdún 2 ṣáájú Kristi ni àwọn ọ̀págun náà parí sí. Bó bá jẹ́ Mars, ẹranko yẹn á jẹ́ ìkookò, ẹranko tó tọ́ Romulus àti Remus, àwọn ìbejì Mars, dàgbà. Bó bá jẹ́ Tiberius, ajá ni. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé àwọn kan ń fi ẹranko mọ ọkùnrin, wọ́n sì tún ń fi ọkùnrin yẹn kan náà mọ ẹranko. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí. Lójú tèmi, Mars ló bá ibẹ̀ mu jù, nítorí pé yàtọ̀ sí ará Pátíà, kò sí èèyàn ẹlẹ́ran-ara kankan tó dájú lórí ìgbàyà náà. Òrìṣà àti ilẹ̀ tí wọ́n yà bí èèyàn ni gbogbo wọn. Pẹ́ńsùlù búlúù ni mo lò fún ohun tó dájú, dúdú fún ohun tó ṣeé ṣe. Dúdú ni mo fi kọ Mars.

Obìnrin kọ̀ọ̀kan jókòó sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n sorí kọ́. Ilẹ̀ tí Róòmù ti borí ni wọ́n dúró fún. Ti ọ̀tún mú àkọ̀ idà tó ṣófo, fèrè ogun tó ní orí dírágónì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀págun tó ní àwòrán ẹlẹ́dẹ̀ igbó sì wà nítòsí rẹ̀. Fèrè àti ẹlẹ́dẹ̀ igbó yẹn jẹ́ ti àwọn Kẹ́líìtì, torí náà Gaul ni mo kọ. Ti òsì ṣì ní idà nínú àkọ̀, orí ẹyẹ sì wà ní èèkù rẹ̀. Àwọn kan ní Sípéènì ni, àwọn mìíràn ní ilẹ̀ ìlà-oòrùn tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ ni. Ohun tó dájú ni ìyàtọ̀ àárín àkọ̀ méjèèjì: ẹni tí wọ́n gba ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ẹni tó ṣì mú tirẹ̀ dání.

Nísàlẹ̀ wọn, Apollo gun gírífínì, ẹranko inú ìtàn tó ní orí ẹyẹ idì àti ara kìnnìún, lápá òsì, pẹ̀lú dùùrù rẹ̀. Diana ìbejì rẹ̀ gun àgbọ̀nrín lápá ọ̀tún. Àwọn méjèèjì kò ṣàdédé wà níbẹ̀. Augustus gbà pé Apollo ló ran òun lọ́wọ́ nínú ogun ojú omi ní Actium ní ọdún 31 ṣáájú Kristi, ó sì yà tẹ́ńpìlì sí mímọ́ fún un lórí òkè Palatine ní ọdún 28. Ní ọdún 17, nígbà Àjọ̀dún Sáà, àwọn ọmọkùnrin 27 àti ọmọbìnrin 27 kọ orin tí akéwì Horace ṣe fún Apollo àti Diana, oòrùn, òṣùpá àti ilẹ̀ sì wà nínú orin náà pẹ̀lú. Ẹni tó bá gbé orin yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbàyà yìí á rí i pé àwọn òrìṣà kan náà ló ń pàdé.

Ìsàlẹ̀ pátápátá ni Tellus dùbúlẹ̀ sí, ìyẹn ilẹ̀, òun àti ọmọ ọwọ́ méjì àti ìwo tó kún fún èso. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ tó gbé ọmọ méjì tún wà lára pẹpẹ Ara Pacis tí wọ́n yà sí mímọ́ ní Róòmù ní ọdún 9 ṣáájú Kristi. Àmọ́ lára pẹpẹ yẹn, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá Tellus ni, Àlàáfíà ni, tàbí Ítálì. Mo fa ìlà kan láti orí Caelus wá sí Tellus. Ọ̀págun náà bọ́ sí àárín, láàárín ọ̀run àti ilẹ̀, láàárín oòrùn àti òṣùpá. Bí wọ́n ṣe to nǹkan yìí ló ń sọ̀rọ̀: àdéhùn kan pẹ̀lú Pátíà ti di ohun tí gbogbo ayé dúró yí ká.

Àwọn ohun tó kù yára. Sífíńkìsì, ẹranko inú ìtàn tó ní orí èèyàn àti ara kìnnìún, wà léjìká méjèèjì, Augustus sì lo àwòrán sífíńkìsì lórí òǹtẹ̀ rẹ̀ nígbà kan. Lẹ́bàá ẹsẹ̀ ọ̀tún, Cupid gun ẹja dólífínì. Ọmọ Venus ni Cupid, ìran Julius, tí Augustus jẹ́ ọ̀kan lára wọn, sì ń pe òrìṣà Venus ní ìyá ńlá wọn. Dólífínì rán èèyàn létí pé inú òkun ni Venus ti jáde. Àmọ́ ẹ má gbàgbé pé òun náà ló ń gbé ère dúró: kókósẹ̀ mábù kò lè dá ru gbogbo ìwọ̀n yẹn. Ère idẹ kò nílò irú òpó bẹ́ẹ̀, ara ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi gbà pé ère idẹ kan ni wọ́n wò gbẹ́ èyí. Ìdúró rẹ̀ fúnra rẹ̀ wá láti ara ère Doryphoros, ìyẹn ọkùnrin tó gbé ọ̀kọ̀, ti Polykleitos agbẹ́rẹ ará Gíríìsì.

Ẹ̀yìn ìgbàyà kò parí. Àmì ìṣẹ́gun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ díẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀, èyí tó fi hàn pé ẹ̀bá ògiri ni wọ́n fẹ́ gbé e sí. Àwọ̀ pupa àti búlúù tún wà lára ère náà nígbà tí wọ́n rí i. Àwọ̀ yẹn ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń ka àwòrán kéékèèké, torí òun ló ń ya aṣọ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó wọ̀ ọ́.

Ọdún ni mo kọ sí ìsàlẹ̀ bébà. Kò lè ṣáájú ọdún 20 ṣáájú Kristi, torí ọ̀págun. Ẹsẹ̀ Augustus wà láìní bàtà, bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ òrìṣà àti akọni, ìyẹn ló mú kí àwọn kan sọ pé lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní ọdún 14 lẹ́yìn Kristi ni wọ́n gbẹ́ ti mábù yìí. Ẹsẹ̀ láìní bàtà nìkan kò tó láti fi dá ọdún mọ̀, nítorí náà mo kọ 20 pẹ̀lú búlúù, mo sì fi dúdú kọ 14 síwájú rẹ̀ pẹ̀lú àmì ìbéèrè.